Ulcerative colitis: bí ẹ ṣe lè tọ́jú ara yín, àti bí ẹ ṣe lè wọ inú ìwádìí òògùn tuntun

Ìbéèrè kan ni àwọn tó ní ulcerative colitis, àìsàn egbò inú ìfun ńlá, kì í yé béèrè: “Wọ́n ní ìwádìí òògùn tuntun kan ń lọ lọ́wọ́ fún irú àìsàn mi, ṣé kí n wọ̀ ọ́?” A ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn, nítorí ẹni tí kò tíì mọ bí àìsàn rẹ̀ ṣe ń rìn kò lè mọ irú ìwádìí tó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú ojoojúmọ́ fi ṣáájú níbí, tí ìwádìí fi tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti mọ apá àkọ́kọ́ dunjú, ẹ fò ó kọjá, àmọ́ ẹ má fo ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àti ibi tí a ti sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun yín

Awọ tó bo inú ìfun ńlá ló ń wú, tó ń pọ́n, tó sì ń dá egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ihò ìdí, ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, á wá máa gòkè láìfo ibì kankan. Ti ẹlòmíì ò kọjá ìsàlẹ̀ yẹn. Ti ẹlòmíì gba apá òsì ìfun. Ti ẹlòmíì sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹ bi dókítà yín pé ibo ni tiyín dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ irú òògùn tí yóò kan ojú egbò, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń yan àwọn tí wọ́n fẹ́.

Àìsàn yìí yàtọ̀ sí jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì í ràn. Àwọn èròjà ara tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ó lè rọlẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, kó tún gbérí láìròtẹ́lẹ̀.

## Ìtọ́jú ojoojúmọ́

1. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan míì nínú gbogbo ohun tó wà níbí, ẹ ṣe èyí. Fóònù tàbí ìwé kékeré, èyí tó bá yá yín lára ni kí ẹ lò. Ní alaalẹ́, ẹ kọ:

- iye ìgbà tí ẹ yàgbẹ́, àti iye tó jí yín lóru nínú rẹ̀
- bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àti bó ṣe pọ̀ tó
- bóyá ẹ lè mú un mọ́ra nígbà tó ń gbọ̀n yín, tàbí ó di eré
- òògùn tí ẹ lò, àti èyí tí ẹ gbàgbé

Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ máa ń yàgbẹ́ lójúmọ́ kí àìsàn tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èyí mọ́, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni ìṣirò dúró lé. Nínú ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń pè ní Mayo score, bí ìgbà tí ẹ yàgbẹ́ bá fi 1 tàbí 2 ju ti àtijọ́ lọ, máàkì 1 ni. Bó bá fi 3 tàbí 4 jù ú lọ, máàkì 2. Láti 5 sókè, máàkì 3. Ẹ̀jẹ̀ náà ní tirẹ̀: bí kò bá sí rárá, 0, bó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1, bó bá hàn kedere ní ọ̀pọ̀ ìgbà, 2, bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń jáde, 3. Ohun tí kámẹ́rà rí nínú ìfun àti èrò dókítà ni wọ́n á fi kún un tí yóò fi pé 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìwádìí òde òní ti yọ èrò dókítà kúrò, tí wọ́n fi dúró sí 9. (Níbí, ẹni tó gba máàkì púpọ̀ kọ́ ló yege o.)

2. Ẹ má fi òògùn sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Mesalazine ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àìsàn tí kò le jù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju pé kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró lọ: òun ló ń dènà kí àìsàn má tún gbérí. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó dín in kù, kódà bí ara bá yá gágá.

3. Ẹ má tijú òògùn tí wọ́n ń tì bọ ihò ìdí. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni egbò wà, èyí máa ń ṣiṣẹ́ ju oníhóró tí ẹ ń gbé mì lọ, nítorí ojú egbò gan-an ló ń dé. Ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kó lè ṣàn gòkè.

4. Prednisolone kì í ṣe òògùn tí à ń lò títí lọ. Ó yára pa iná, àmọ́ kò lè dènà kí iná tún ràn, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀ bí ẹ bá pẹ́ lórí rẹ̀: egungun á máa rọ̀, ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sókè, oorun á máa dá. Ẹ má ṣe já a lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Bó bá ti di pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹ nílò rẹ̀, àmì ni pé òògùn tí ẹ ń lò ní gbogbo ìgbà kò kápá àìsàn náà mọ́. Ẹ béèrè ohun tó kàn.

5. Ẹ ṣọ́ra fún òògùn ìrora. Ibuprofen, diclofenac àti àwọn ẹbí wọn lè mú kí àìsàn gbérí. Paracetamol sàn jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró bíi loperamide náà léwu nígbà tí àìsàn bá le gan-an, torí ìfun lè wú kọjá ààlà. Ẹ má dá a lò nígbà náà.

6. Kí ẹ tó gbà pé àìsàn ló gbérí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò. Kòkòrò bíi C. difficile tàbí amoeba lè fara jọ ọ́ pátápátá, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní calprotectin máa ń fi hàn bóyá ìfun wú lóòótọ́, láìjẹ́ pé wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́.

7. Oúnjẹ. Kò sí oúnjẹ kan tó ń wo àìsàn yìí sàn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń tà á fún yín ń tan yín jẹ ni. Nígbà tí inú bá ń dà rú, oúnjẹ tí kò ní okùn (fiber) àti èèpo púpọ̀ lè mú kó fúyẹ́. Nígbà tí ara bá balẹ̀, ẹ padà síbi oúnjẹ gidi. Àwọn tó ń yọ nǹkan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan tí kò fi ku nǹkan tí wọ́n lè jẹ mọ́ máa ń rù, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í tó.

8. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá máa ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá bí àìsàn bá gba ibi tó pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn tí àmì àkọ́kọ́ yọ, ó yẹ kí wọ́n fi colonoscopy, kámẹ́rà tí wọ́n ń ki gba ihò ìdí, wo gbogbo ìfun ńlá, kí wọ́n sì máa tún un ṣe láàárín ọdún 1 sí 5 gẹ́gẹ́ bí ewu tiyín bá ti rí. Ara yíyá kò ní ká má lọ.

### Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí:

- ẹ bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ara sì gbóná ju 37.8°C lọ, tàbí tí ọkàn ń lù ju ìgbà 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́
- ikùn bá wú, tó le, tó sì ń dunni bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án
- òòyì ń kọ́ yín tàbí ẹ ṣubú lulẹ̀
- omi lásán kò dúró nínú yín

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ ti bá dókítà dá. Aláboyún náà kò gbọdọ̀ dá òògùn dúró fúnra rẹ̀: àìsàn tó ń gbóná lọ́wọ́ sábà máa ń léwu fún oyún ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn òògùn náà lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òògùn ló bá oyún mu, nítorí náà kó tètè sọ fún dókítà.

## Kí ẹ tó ronú kan ìwádìí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ìbéèrè ni ìwádìí. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá òògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ò ní wá yín. Ó lè ṣe yín láǹfààní, ó lè má ṣe yín ní nǹkan kan, ó sì lè pa yín lára. Dókítà tó ń ṣe ìwádìí lè jẹ́ èèyàn dáadáa, síbẹ̀ ìwé ètò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ó yàtọ̀ sí dókítà tó ń wo ojú yín pààrọ̀ òògùn.

Gbogbo ìwádìí kọ́ ló ní òògùn nínú. Àwọn kan kàn fẹ́ kí ẹ dáhùn ìbéèrè, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, irú èyí ni mo máa kọ́kọ́ gbà yín níyànjú, kí ẹ fi mọ bí àwọn olùwádìí ṣe ń ṣe. Àwọn tó ní òògùn pín sí ìpele: ìpele 1 ń béèrè bóyá ènìyàn lè lò ó láìfarapa, ìwọ̀nba ènìyàn ni, tí ara ọ̀pọ̀ wọn sì le koko, ìpele 2 ń wá ìwọ̀n tó yẹ, ìpele 3 ń fi í wé nǹkan míì láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ìpele 4 ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ ìpele tí wọ́n ń pè yín sí.

### Ọ̀rọ̀ òògùn òfo

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù jù ni pé wọ́n lè fún wọn ní òògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ wo ìwádìí ACT 1, ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí infliximab, òògùn onídírípù tó ń dín agbára ààbò ara kù, fún àìsàn yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Ènìyàn 364 ló kópa, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan gba dírípù tí kò ní òògùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ 8, nǹkan bí 69 nínú 100 àwọn tó gba ìwọ̀n òògùn tó kéré ni àìsàn wọn ti dín kù. Àmọ́ nínú àwọn tó gba òfo, 37 nínú 100 ni tiwọn náà dín kù. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, ìrètí àti ìtọ́jú dáadáa sì lágbára tiwọn. Ká ní wọn ò fi òfo wé e ni, 69 yẹn ni wọn ì bá kà sí agbára òògùn lódindi.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé: bó bá jẹ́ òfo ni mo bọ́ sí, tí àìsàn sì le sí i, ọjọ́ mélòó ni ẹ máa fi mí sílẹ̀ kí ẹ tó fún mi ní òògùn gidi? Ìwádìí tó dára ti kọ ìdáhùn yìí sínú ètò rẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa wọlé, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni kí ẹ pinnu. Ọ̀pọ̀ ìwádìí òògùn fẹ́ ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ìgbà tí wọ́n bá nílò yín jù ni orí yín kì í pé. Tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ti wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láti òru kò lè ka ìwé olójú ewé ogún kó yé e. Ẹ ka àpẹẹrẹ rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ lè fara mọ́ àti ohun tí ẹ kò lè fara mọ́.

2. Ẹ wá a. Ọ̀fẹ́ ni ìkànnì ClinicalTrials.gov, ISRCTN àti Pan African Clinical Trials Registry. Ìkànnì ICTRP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kó àwọn mìíràn pọ̀ sójú kan. Ẹ tẹ “ulcerative colitis”, ẹ yan orílẹ̀-èdè, kí ẹ sì yan “recruiting”, ìyẹn àwọn tó ṣì ń gba ènìyàn. Ẹ rántí pé orúkọ ìwádìí tó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì rí i pé kò léwu.

3. Ẹ fi ara yín wé ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọjọ́ orí, bí àìsàn ṣe pẹ́ tó, ibi tó dé nínú ìfun, máàkì Mayo, àti àwọn òògùn tí ẹ ti lò tí kò ṣiṣẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an: ìwádìí kan lè fẹ́ ẹni tí kò lo infliximab rí, òmíràn lè fẹ́ kìkì ẹni tí ó ti já kulẹ̀ fún.

4. Ẹ mú un lọ bá dókítà yín. Ẹ bi í bóyá òògùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣì wà tí ẹ kò tíì gbìyànjú. Bó bá wà, tí ọwọ́ yín sì tó o, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn ṣáájú. Èrò tèmi ni.

5. Ẹ gbé ìwé ìfọwọ́sí lọ sílé. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún yín. Bí èdè rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ wá àwọn ìdáhùn wọ̀nyí nínú rẹ̀:

- Ìgbìmọ̀ wo ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa, báwo la sì ṣe lè rí wọn láìgba ọwọ́ olùwádìí?
- Òògùn wo ni mo gbọ́dọ̀ dá dúró, fún ọjọ́ mélòó?
- Colonoscopy mélòó ni, mélòó nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti ìwádìí nìkan?
- Bí mo bá farapa, ta ló máa sanwó ìtọ́jú?
- Ta ló máa san owó ọkọ̀ mi?
- Níbo ni ẹ̀jẹ̀ àti ìsọfúnni mi ń lọ, yóò sì ti pẹ́ tó níbẹ̀?
- Bó bá ṣiṣẹ́ fún mi, ṣé mo lè máa lò ó nìṣó lẹ́yìn ìwádìí?

6. Àyẹ̀wò ìgbaniwọlé. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wò, wọ́n á wá ikọ́ ẹ̀gbẹ àti hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀), nítorí àwọn òògùn tó ń dín agbára ààbò ara kù lè jí àwọn àrùn yìí dìde. Wọ́n á ṣàyẹ̀wò oyún fún obìnrin, wọ́n sì sábà máa ń béèrè pé kó fètò sọ́mọ bíbí títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kí ẹ gbà ṣáájú, torí àwọn kan wà tí kò ṣeé gbà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá gbà yín, ẹ má gbé e sọ́kàn. Máàkì kan péré lè fa á.

7. Gègé. Kọ̀ǹpútà ló máa pín yín sí ẹ̀gbẹ́ òògùn tàbí ẹ̀gbẹ́ òfo, bí ẹni ṣẹ́ gègé. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ẹ̀yin àti dókítà kò ní mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà, àmọ́ wọ́n lè ṣí i wò bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ìwádìí náà, tí wọ́n ń wò bóyá àìsàn rọlẹ̀, sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ìtẹ̀síwájú rẹ̀ lè gbé e dé ọdún kan.

8. Ẹ kọ òótọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn. Lójoojúmọ́ ni, kì í ṣe kí ẹ kó ọ̀sẹ̀ kan jọ kọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan máa ń bù mọ́ ọn kí wọ́n lè gbà wọ́n wọlé, wọ́n tún ń bù kúrò níbẹ̀ kí dókítà lè dunnú. Méjèèjì ń ba ìwádìí jẹ́, ó sì ń fi ara yín sínú ewu, torí orí iye yẹn ni wọ́n ń wò láti mọ̀ bóyá ẹ nílò ìrànwọ́ kíákíá.

9. Ẹ sọ gbogbo nǹkan tí ẹ ń lò, títí kan egbòogi, fítámì àti òògùn orí fífọ́. Ẹ máa mú káàdì ìwádìí náà rìn, kí dókítà mìíràn tó bá gbà yín ní pàjáwìrì lè mọ ẹni tó yẹ kó pè.

## Ẹ sá fún ìwádìí tó bá:

- ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó wọlé
- ṣèlérí pé ẹ máa sàn
- ní kí ẹ da gbogbo òògùn yín nù lálẹ́ òní
- kọ̀ láti fún yín ní ẹ̀dà ìwé tí ẹ fọwọ́ sí
- kò lè dárúkọ ìgbìmọ̀ tó fún un láṣẹ

## Bí ẹ bá fẹ́ jáde, tàbí tó bá parí

Ẹ lè jáde nígbàkígbà láìsọ ìdí, kò sì gbọdọ̀ kan ìtọ́jú yín. Àmọ́ ẹ má kàn pòórá. Ẹ pè wọ́n, nítorí òògùn kan wà tí ó ní bí wọ́n ṣe ń já a, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ara yín bá ní ìyípadà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ìwádìí òògùn kò bá gbà lè béèrè bóyá ilé ìwòsàn ní ìwé orúkọ àwọn aláìsàn tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí ìgbìmọ̀ aláìsàn tó ń bá olùwádìí ka ètò wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wúlò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, tí wọ́n ṣí àṣírí ẹ̀gbẹ́ tí oníkálukú wà, ẹ béèrè lẹ́tà kan tó sọ orúkọ òògùn tí ẹ gbà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jáde, ẹ máa rán wọn létí. Dókítà yín nílò rẹ̀ kó tó yan òògùn tó kàn, torí pé òògùn náà kò tíì “já kulẹ̀” fún ẹni tó gba òfo rárá.